Ta Ló Ń Jẹ Àdánù Tí Nẹ́tíwọ̀kì Bá Lọ? Ìtàn Fóònù, Dátà àti Àwa Oníṣòwò

Ohùn kìíní

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú gúrúùpù yìí: nẹ́tíwọ̀kì wo ló dára jù ní Aluu, èwo ni dátà rẹ̀ kì í tètè tán? Ẹnì kan ní MTN ni, ẹnì kan ní Airtel ni, ẹlòmíì ní Glo lòun máa lò títí ayé. Wọ́n ní kí n dá sí i. Màá dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ìtàn wọlé, torí ẹni tí kò mọ bí ọjà ṣe débi tó dé kò lè ná an dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí wáyà. Ní 1886, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ African Direct Telegraph Company tẹ́ wáyà gba ìsàlẹ̀ òkun dé Èkó, ó sì dé Brass àti Bonny lápá ibí. Epo pupa ni Bonny fi lókìkí nígbà náà. Oníṣòwò òyìnbó tó bá lè fi wáyà béèrè iye tí epo ń lọ ní Liverpool ti mọ ojú ọjà kí ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé àgbá epo wá tó gúnlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń mọ iye ọjà. Ẹni tí kò ní, iye tí wọ́n bá dá fún un ló ń gbà.

Òyìnbó lọ, wáyà kù, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní January 1985, ìjọba dá NITEL sílẹ̀: wọ́n mú ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára P&T tó ń bójú tó lẹ́tà, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun. Ẹ̀yin àgbà mọ bó ṣe rí. Nígbà tó fi máa di 2001, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Oníṣòwò tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù òun ti kúrò ní Èkó, lẹ́tà ló máa fi rán dírẹ́bà. Dírẹ́bà á dé, ẹrù ò ní dé, lẹ́tà á wà nínú àpò. Àbí mo parọ́?

Ohùn kejì

Ní January 2001, NCC, tí Ernest Ndukwe jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, gbé ìwé àṣẹ GSM sọ́jà, pé kí ẹni tó lówó wá fi owó lé owó. Owó náà gun títí ó fi dé 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ìwé àṣẹ kan. Econet àti MTN san tiwọn. Ní August ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkó, Abuja àti Port Harcourt ni MTN fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i? Ìlú tá a wà yìí wà lára mẹ́ta àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wa ju ará Òṣogbo lọ o. Owó epo rọ̀bì ló wà ní Port Harcourt, òpó nẹ́tíwọ̀kì kì í sì í ṣáájú owó. Ibi tí owó bá wà ni òpó máa kọ́kọ́ dúró sí. Ìgbèríko á dúró de ìkẹyìn.

Nígbà yẹn, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà. Nǹkan bíi ₦50 ni ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan àti àáyá márùn-ún, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa yọ: ₦100. Tó bá jẹ́ àáyá ni wọ́n ń kà, ọ̀rọ̀ kan náà ò bá má ju ₦54 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ń flash ara wa, tá a ń sáré sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn èèyàn pariwo pé ẹ jẹ́ ká máa san iye tá a bá lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní kò tíì ṣeé ṣe.

Ó wá di ọjọ́ 29 August 2003, Glo wọ ọjà. Àáyá ló fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ti ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ní ọjọ́ 19 September, àwọn ẹgbẹ́ oníbàárà ní kí gbogbo èèyàn pa fóònù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn pa á lóòótọ́. Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi ń ka àáyá.

Àwa oníṣòwò ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé. Àánú kọ́ ló jẹ́ kí owó ìpè wálẹ̀. Ẹlòmíì ló gbé igbá síwájú ọjà, oníbàárà náà sì fi hàn pé òun lè dìde kúrò nídìí igbá àkọ́kọ́.

Ohùn kẹta

Ẹ jẹ́ n wá sórí àdéhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ará wa ló buwọ́ lùwé fóònù ọdún kan tàbí ọdún méjì. Ilé-iṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò bóyá ẹ̀ ń san gbèsè, wọ́n á gbé fóònù fún yín, wọ́n á máa yọ owó ní báńkì lóṣooṣù. Ní 2001, báńkì wo ló mọ ilé ìyá tó ń ta gàárì ní Choba? Torí náà káàdì ni wọ́n fi bá wa ṣe: sanwó kó o tó pè. Ojú méjì lọ̀rọ̀ yìí ní. Ojú kìíní, àwa là ń yá ilé-iṣẹ́ lówó, torí a ti sanwó ká tó jẹun. Ojú kejì, kò sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa. Ọjọ́ tó bá wù wá la lè lọ.

Nọ́ńbà nìkan ló ń so oníṣòwò mọ́lẹ̀, torí ó ti kọ ọ́ sára ìsọ̀. April 2013 ni NCC tú okùn yẹn: láti ìgbà náà, ẹ lè gbé nọ́ńbà yín láti nẹ́tíwọ̀kì kan lọ sí òmíì. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ dẹ́rù bà yín. Ẹni tó ra síìmù Econet ní 2001, tí kò pààrọ̀ ẹ̀ rí, ti di oníbàárà Vmobile, ti Celtel, ti Zain, kó tó wá di ti Airtel ní 2010, láì kúrò lójú kan. Etisalat di 9mobile ní 2017, ó di T2 ní 2025. Orúkọ ń lọ, òpó ló ń dúró. Òpó ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kan náà ní ilẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ 17 January 2025, Ofcom tó ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kò sí àdéhùn tuntun tó gbọ́dọ̀ so àfikún owó mọ́ bí ọjà bá ṣe wọ́n sí i. Tí àfikún bá máa wà, iye ẹ̀ ní pọ́n-ùn àti pẹ́ńsì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí oníbàárà tó buwọ́ lùwé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 January, NCC tiwa gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún un, kó má ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láti 2013 nìyẹn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúrò ní ₦4, ó di ₦6. Wọ́n ní náírà ti já, dísù ti wọ́n, irinṣẹ́ sì ń ti òkè òkun wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, àwa náà ń ra dísù. Ṣùgbọ́n dátà 15GB ọlọ́sẹ̀ kan ti MTN fò láti ₦2,000 sí ₦6,000, ariwo ta, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́ ìṣirò. ₦2,000 fún 15GB, nǹkan bíi ₦133 ni GB kan. ₦6,000 fún 15GB, ₦400 ni. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ọlọ́sẹ̀ kan ni. Tó bá jẹ́ 6GB péré lẹ lò kí ọjọ́ méje tó pé, ₦1,000 ni GB kan bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ má wo bí GB ṣe pọ̀ tó, ẹ wo iye tẹ́ ẹ máa lò kí ọjọ́ tó pé, kẹ́ ẹ wá fi pín owó.

Ohùn kẹrin

Ibi tó ti kàn wá gan-an nìyí. Ní February 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà wọ́n bí ojú, tránsífà lòwò gbogbo dà. Oníbàárà á ní òun ti fi ránṣẹ́, àlẹ́ẹ̀tì ò wọlé. Ní ọjọ́ 14 March 2024, àwọn wáyà ìsàlẹ̀ òkun já lápá Abidjan, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, báńkì púpọ̀ níbí sì dákú. Ẹ rántí wáyà 1886? Wáyà ìsàlẹ̀ òkun náà ló tún dá wa dúró. Ta ló jẹ àdánù? Ilé-iṣẹ́ ti gba owó dátà. Báńkì á gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Tòmátò tó rà lórí àtẹ, ti ìyá ọlọ́jà ni.

Àdánù kan sì wà tó ju tòmátò lọ. Ilé onílé la wà, láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí ní October 2012 ò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 5 oṣù yẹn, ní Omuokiri-Aluu, àwọn èèyàn pa ọmọ UNIPORT mẹ́rin. Wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n jí fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Kò sí kóòtù, kò sí ẹlẹ́rìí. Fóònù náà ni wọ́n fi ya fídíò ẹ̀ káàkiri ayé. Ní 2017, kóòtù ní Port Harcourt dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ ọ́ láti tún egbò tu o. Mò ń sọ ọ́ torí pé tí àlẹ́ẹ̀tì ò bá wọlé, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ máa bà wá: "olè!" Nẹ́tíwọ̀kì tó lọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ọlọ́mọ jalè. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, ẹ rọra gba ọjà yín padà, tàbí kẹ́ ẹ jọ dúró. Ẹ má kígbe.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín rèé. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì tó dára jù ní Aluu. Èyí tó dára jù nínú ìsọ̀ yín ló wà. Ẹni tó wà létí East-West Road lè máa gbádùn 4G, kí ẹni tó wọ inú lọ́hùn-ún máa gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá oṣù. Òpó kan dà bí ẹnu ọ̀nà ọjà: tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá dé lálẹ́, tí gbogbo wọn ń wo fídíò, ọ̀nà á dí. Ẹ fi síìmù ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ dán an wò nínú ìsọ̀ gan-an, lásìkò tí ọjà yín ń tà, ó kéré tán fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ ní síìmù méjì, nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà. Kí ọ̀kan jẹ́ ti báńkì, kẹ́ ẹ máa fi dátà kékeré sórí èkejì. *310# lẹ fi ń wo owó, *323# lẹ fi ń wo dátà tó kù, bákan náà ni lórí nẹ́tíwọ̀kì gbogbo láti 2023. Tí wọ́n bá yọ owó yín láìtọ́, ẹ pe ilé-iṣẹ́ fóònù yín lórí 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má sọ pé ₦200 ni, kí la fẹ́ fi ṣe. Ní 2003, ₦46 tó ń já bọ́ lórí ìpè kan ni àwọn èèyàn torí ẹ̀ pa fóònù, àáyá tá à ń jẹ lónìí sì wà lára èrè ẹ̀.

Ẹni tó bá ti dán nẹ́tíwọ̀kì wò ní àdúgbò ẹ̀, kó sọ ibi tó wà, aago tó fi dán an wò, àti bó ṣe rí, kó fi sínú gúrúùpù. Tí ogún èèyàn bá ṣe é, a ó ní máàpù Aluu tiwa. Ọjà á tà o.