Baraka, Ìyá Lẹ́yìn Ìyá

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ Amina tí ó bí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). A sì mọ Halima tí ó fún un lọ́mú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ Baraka kò pọ̀. Ẹrúbìnrin ará Ábísíníà ni. Abdullah, bàbá Ànábì, ni ó fi í sílẹ̀ nígbà tí ó kú kí wọ́n tó bí ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Ànábì di ọmọ ọdún 6, Amina mú un lọ kí àwọn ẹbí ní Yathrib, ìlú tí a ń pè ní Mẹ̀dínà lónìí. Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, àìsàn kọlu Amina ní Abwa, ó sì kú síbẹ̀. Baraka ni ó mú ọmọ òrukàn náà dé Mọ́kà, sọ́dọ̀ Abdul-Muttalib, bàbá rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn ọdún 2, bàbá àgbà náà tún kú. Baraka fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn pé òun rí ọmọ náà tí ó ń sunkún lẹ́yìn òkú. Abu Talib ni ó gba ìtọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Baraka kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Ànábì fẹ́ Khadija ní ẹni ọdún 25, ó dá Baraka sílẹ̀ lóko ẹrú. Baraka lọ sílé ọkọ, ó bí Ayman, wọ́n sì ń pè é ní Umm Ayman, èyíinì ni Ìyá Ayman. Ìtàn sọ pé Ànábì máa ń pè é ní ìyá òun lẹ́yìn ìyá òun, ó sì máa ń lọ kí i nílé.

Ìbànújẹ́ kò yọ agbo ilé yìí sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 619, Khadija àti Abu Talib kú nínú ọdún kan náà. Zayd, ọkọ tí Baraka fẹ́ lẹ́yìn náà, kú lójú ogun Mu'ta ní 629. Ayman ọmọ rẹ̀ kú ní Hunayn ní 630. Nígbà tí Ibrahim, ọmọ Ànábì tí kò tíì pé ọdún 2, kú, omi dà lójú Ànábì. Ó ya Abdur-Rahman ọmọ Awf lẹ́nu. Ànábì ṣàlàyé fún un pé àánú ni ẹkún náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun kò fẹ́ kò ní ti ẹnu òun jáde.

Lẹ́yìn tí Ànábì kú ní 632, Abu Bakr àti Umar lọ kí Baraka, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti máa ń ṣe. Bí ó ti rí wọn, ó bú sẹ́kún. Wọ́n bi í bóyá kò mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni ó dára jù fún Ànábì. Ó ní òun mọ̀. Ohun tí ó ń pa òun lẹ́kún ni pé ìṣípayá láti sánmà ti dáwọ́ dúró. Ni àwọn méjèèjì bá bá a sunkún.

Ẹ wò ó, wọn kò sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Nítorí náà, bí ọmọ tàbí opó bá ń sunkún nílé wa, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ jókòó tì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ta ni Baraka tiyín? Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó pọ̀n yín. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ lọ kí wọn kí ọjọ́ tó lọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè tọ́jú wọn. Àmín.