Maṣíìnì Ìránṣọ Àtijọ́ ní Ìbàràpá: Ibi Tó Ti Wá àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Nílé

Singer dúdú tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà ya àwòrán sí lára kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìbàràpá. Ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà, ní Lánlátẹ̀, ẹ ó rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Òmíràn jẹ́ alọ́wọ́, òmíràn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà ló kọ́kọ́ rà á kó tó kan ọmọ, kó tó kan ọmọ-ọmọ. Irin tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ ṣì ń rán aṣọ iléèwé àti bùbá. Àwọn èèyàn a máa sọ pé nítorí pé irin ayé àtijọ́ nípọn ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ohun tó dá a sí jù lọ ni pé ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ṣe ẹ̀dà rẹ̀, títí tí ẹ̀yà ara rẹ̀ fi di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló dá maṣíìnì sílẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ní 1830, télọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Barthélemy Thimonnier, gba ìwé ẹ̀rí ìjọba fún ẹ̀rọ ìránṣọ onígi. Ó kó wọn jọ sí Paris láti fi rán aṣọ ológun. Ní 1831, àwọn télọ̀ ìlú náà ya wọ ibẹ̀, wọ́n sì fọ́ wọn túútúú, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ní Amẹ́ríkà, Elias Howe gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní 1846 fún maṣíìnì olówùú méjì: abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wà nítòsí ṣónṣó ń mú òwú kan wọ inú aṣọ, ọkọ̀ kékeré kan, bíi ti àwọn ahunṣọ, sì ń mú òwú kejì gba àárín rẹ̀ kọjá. Isaac Merritt Singer dé ní 1851 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán àti ìtẹ̀sẹ̀ tó fi ọwọ́ méjèèjì télọ̀ sílẹ̀ fún aṣọ. Eyín tó ń ti aṣọ síwájú lábẹ́ abẹ́rẹ́ tún jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn, Allen Wilson, ní 1854. Ẹjọ́ pọ̀ láàárín wọn, Howe sì jàre Singer. Nígbà tó di 1856, àwọn tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ pa ìwé ẹ̀rí wọn pọ̀ sójú kan. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Singer bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ẹni tí yóò máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n ọjà yìí gbé orúkọ Singer ga ju ọgbọ́n irin lọ.

Púpọ̀ nínú Singer tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Scotland ló ti wá, láti ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣí ní 1885 ní Kilbowie, ní ìlú Clydebank. Ní 1913, maṣíìnì tó jáde níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Lẹ́tà K tó wà nínú 15K tàbí 28K, Kilbowie ló dúró fún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí maṣíìnì tirẹ̀, kó wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ lápá ọ̀tún: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y, àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E àti lẹ́tà kejì, bíi EA tàbí EF, àárín àwọn ọdún 1930 síwájú ni. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa ní 1980, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ojú irin tó wà níbẹ̀ ṣì ń jẹ́ Singer.

Iṣẹ́ télọ̀ kò dúró de maṣíìnì kó tó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láti nǹkan bí 1839 tí àwọn Sàró ti ń padà sí Abẹ́òkúta láti Sierra Leone, àwọn télọ̀ wà láàárín wọn, pẹ̀lú káfíńtà àti bíríkìlà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ìbàràpá kò sí lójú irin náà, àmọ́ ìlú méjèèjì yìí ni àwọn ará Igbó-Ọrà àti Èrúwà ń ná ọjà wọn. Ní Abẹ́òkúta, maṣíìnì wọnú iṣẹ́ àdìrẹ pàápàá. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fọwọ́ rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi maṣíìnì rán an. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, tí a ní láti to ọ̀já rẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó di agbádá, bọ́ sábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

Nínú gbogbo Singer, irú tó kàn wá jù ni 15, tó ti wà láti 1879. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ Japan mú un ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan náà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà ara tẹnì kan ń wọ tẹnì kejì. Ṣáínà ṣe tirẹ̀ náà ní Shanghai, èyí tí ọjà wa mọ̀ sí Butterfly. Nípa bẹ́ẹ̀, bọ́bìnì, ilé bọ́bìnì àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún Butterfly wọ Singer 15 tí wọ́n ṣe kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo 28K, alọ́wọ́ kékeré tó rọrùn láti gbé. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fì síwá sẹ́yìn ló ní, bọ́bìnì rẹ̀ sì gùn bí ìṣó. Ẹ̀dà tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá sọnù, irin tó yè kooro náà a di ohun tí wọ́n ń gbé ìkòkò òdòdó lé.

Òróró ló ń ba maṣíìnì jẹ́ ju ogbó lọ. Ẹni tí kò rí òróró maṣíìnì rà a da òróró ẹ̀pà sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ti dì bí ọ̀dà, ẹsẹ̀ kò sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí kì í ṣe ikú. Ẹ gbé e jìnnà sí iná, kí ẹ kán kẹrosíìnì sí ihò òróró kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rọra máa yí àgbá rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ nù ún, ẹ kán òróró maṣíìnì gidi sí i, ẹ sì rán àkísà díẹ̀ kí ẹ tó fi kan aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kan àwòrán wúrà ara rẹ̀, nítorí ó lè ṣí i. Ẹ tú irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà: ìhùùhù aṣọ àti eruku ọyẹ́ tó dì sí àárín eyín máa ń tó láti dá aṣọ dúró.

Ibi tó ń rú ọmọ iṣẹ́ lójú jù ni òwú. Bí òwú bá ń lọ́ pọ̀ jánganjàngan nísàlẹ̀ aṣọ, òwú òkè ló sábà máa ń lẹ́jọ́, kì í ṣe tìsàlẹ̀: ó dẹ̀ jù, tàbí kó má wọ àárín àwo kékeré méjì tó ń fún un. Ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè nígbà tí ẹ bá ń fi òwú sí i, torí ìgbà yẹn ni àwo náà ń ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, díẹ̀díẹ̀. Ti ilé bọ́bìnì rọrùn láti dán wò: ẹ di òwú rẹ̀ mú kó rọ̀. Kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọn ọwọ́, kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tún dúró. Súkúrúù rẹ̀ kéré gan-an, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ẹ tó tú u.

Bí ó bá ń fo ojú rírán, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀, ojú lè má rí i. Ojú pẹlẹbẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí ọ̀dọ̀ ìkọ́ tó ń gba òwú, kí ojú tó ní kòtò gígùn wà níbi tí òwú ti ń wọlé. Bí abẹ́rẹ́ tuntun kò bá tún un ṣe, ẹ wo gíga ọ̀pá abẹ́rẹ́: nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ti kúrò nísàlẹ̀ pátápátá tó fi nǹkan bíi mìlímítà 2 gòkè, ṣónṣó ìkọ́ yẹ kó máa kọjá lókè ojú abẹ́rẹ́ gẹ́ẹ́. Ibi tí mo ti máa ń gba èèyàn níyànjú láti pe ọ̀gá nìyẹn. Ti bẹ́líìtì aláwọ kò gba ọ̀gá. Bó bá ti fà, a gé díẹ̀ kúrò, a sì fi wáyà so ó padà.

Ọwọ́ tó mọ irin tún ṣe kò ṣọ̀wọ́n ní Ìbàràpá. Dókítà Olúyọ̀m̀bọ̀ Awójobí, tó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Èrúwà ní 1986, sọ táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó lára aláìsàn. Ní Ìdèrè, maṣíìnì ìránṣọ fúnra rẹ̀ bá sòbìà jagun. Nínú àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ìlú náà jọ gbé asẹ́ aláṣọ ọ̀rá jáde, wọ́n ń rán an nílùú, wọ́n sì ń tà á kí àwọn èèyàn lè fi sẹ́ omi mímu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ sòbìà.

Lóde òní, maṣíìnì oníná àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ń sáré, ó sì ń lo ẹ̀ńjìnnì nígbà tí kò bá sí iná. Ẹlẹ́sẹ̀ kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wàhálà tuntun tó bá oníná dé ni abẹ́rẹ́: orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń ta ti méjèèjì. DBx1, tí ìdí rẹ̀ rí róbótó yíká, ti maṣíìnì oníná ni. Bí a bá kì í bọ Singer 15, yóò máa fo ojú rírán, wọn a sì ní maṣíìnì ti gbó. HAx1, tí wọ́n tún ń kọ ní 15x1, tó ní ojú pẹlẹbẹ kan, ni kí ẹ béèrè: nọ́ńbà 14 fún ańkárá, 16 tàbí 18 fún aṣọ òkè.