Òjé, Kádímíọ̀mù àti Mẹ́kúrì: Ewu Wọn fún Kíndìnrín

Iṣẹ́ kíndìnrín ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó sì lé ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Nítorí náà, ó wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí májèlé ń tètè bà jẹ́. Bí agbára rẹ̀ bá dínkù, tàbí tí purotéènì ń bá ìtọ̀ jáde, fún ohun tí ó ju oṣù 3 lọ, a ń pè é ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó sábà máa ń fà á, ṣùgbọ́n àwọn irin olóró náà lè dá kún un.

Níbo ni wọ́n ti ń wọ ara?

Òjé: Ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, àwọn ọ̀dà kan, àti tìróò. Ní ọdún 2010, eruku òkúta wúrà tí ó ní òjé nínú pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ń lé tìróò tí ó ti Nàìjíríà wá fún. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń kọ́kọ́ kọlù. Lára àgbà, ó ń sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kádímíọ̀mù: Ó wà nínú èéfín sìgá àti àwọn bátìrì kan. Bí ó bá wọ kíndìnrín, ó lè lo ọdún 10 sí 30 níbẹ̀.

Mẹ́kúrì: Ó wà nínú àwọn ìpara àti ọṣẹ kan tí a fi ń bóra. Àwọn awakùsà wúrà náà ń lò ó. Ó lè mú kí ojú àti ẹsẹ̀ wú, kí ìtọ̀ sì máa hó.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Kíndìnrín kì í ké nígbà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ bi aláìsàn léèrè pé: Irú iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe? Ìpara wo ni ẹ ń lò? Ẹ ha ń lé tìróò fún ọmọ bí? Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ ṣàyẹ̀wò purotéènì inú ìtọ̀ àti kíríátínì inú ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, ẹ yẹ ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Fún olùtọ́jú nínú ilé

- Ẹ má ṣe fọ́ bátìrì tàbí òkúta wúrà ní àgbàlá.
- Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.
- Ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a.
- Ẹ fún ọmọ ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti wàrà. Bí ebi bá ń pa ọmọ, òjé ń tètè wọ ara rẹ̀.
- Ẹ má ṣe ra oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ kíndìnrín. Dókítà nìkan ni ó lè pàṣẹ oògùn tí ń lé òjé jáde.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a mú aláìsàn kúrò níbi tí májèlé wà. Ẹni tí ó bá tètè fi ìpara oní-mẹ́kúrì sílẹ̀ sábà máa ń gbádùn, ṣùgbọ́n kíndìnrín tí ó ti lápàá kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ara bá wú kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn.