ÌTÀN ÀRÙN DÌGBÒLUGI, ÀTI OHUN TÍ Ó KAN ÌLÚ WA NÍNÚ RẸ̀

A ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ilé-ẹ̀kọ́ nínú ìwé yìí rí. Lọ́dún yìí, ajá ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá dàgbà láàárín wa kò ní gbàgbé ọjọ́ tí ariwo ta ní ìgboro pé, "Dìgbòlugi dé o!", tí àwọn ìyá ń fa ọmọ wọlé, tí àwọn ọkùnrin sì ń sáré mú kùmọ̀.

Àwọn baba wa ni wọ́n fún àrùn náà ní orúkọ: ajá tí ó ń dìgbò lu igi, tí kò mọ ọ̀nà, tí kò sì mọ olówó rẹ̀ mọ́. Ohun tí ojú lè rí ni wọ́n rí, wọ́n sì rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ewu ti wà ní ẹnu ajá náà kí ó tó dìgbò lu igi kankan. Fún ọjọ́ mélòó kan kí àmì tó hàn lára rẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti máa ń wà nínú itọ́ rẹ̀. Òmíràn kò tilẹ̀ ní ya wèrè rárá. A dákẹ́ sí ìgun kan, àgbọ̀n rẹ̀ a rọ, itọ́ a máa dà. Olówó rẹ̀ a rò pé eegun ni ó há a lọ́fun, a sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ìlú Paris ni ọ̀nà àbáyọ ti kọ́kọ́ hàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, wá láti ilẹ̀ Alsace sọ́dọ̀ Louis Pasteur. Ajá ti bu ọmọ náà jẹ níbi púpọ̀ ní ọjọ́ 2 ṣáájú. Pasteur kì í ṣe oníṣègùn, ṣùgbọ́n ó ti ń sá mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn ehoro tí àrùn náà pa, títí agbára kòkòrò inú rẹ̀ fi dínkù, ó sì ti dán an wò lára ajá. Dókítà kan gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ 13 láàárín bí ọjọ́ 10. Ọmọ náà yè. Nígbà tí ó dàgbà, òun ni ó di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwádìí tí a fi orúkọ Pasteur pè, èyí tí a ṣí ní 1888.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kòkòrò dìgbòlugi kì í bá ẹ̀jẹ̀ sáré. Inú iṣan ìmọ̀lára ni ó ń gbà, díẹ̀díẹ̀, láti ojú ọgbẹ́ títí dé ọpọlọ. Oṣù 1 sí 3 ni ó sábà máa ń lò lójú ọ̀nà, ó sì lè dín tàbí kí ó lé ní ọdún kan. Bí abẹ́rẹ́ bá tètè wọlé, ara yóò ti dìhámọ́ra kí ọ̀tá tó dé. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, agbára káká ni a fi rí ẹni tí ó yè é. Ìdí nìyí tí ọgbẹ́ fi lè jiná, tí a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí ọmọ sì kú ní oṣù kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ kì í gbọ́ nípa rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í ṣe pé Ọlọ́run dá ajá tiwọn lọ́tọ̀. Òfin ni wọ́n fi dè é lẹ́nu, wọ́n sì máa ń sé ajá tí ó ti òkè òkun wá mọ́ àhámọ́ fún oṣù 6 nígbà náà. Ní 1902 àrùn náà tán níbẹ̀. Ní 1918 àwọn kan yọ́ ajá wọlé láti ojú ogun, ó tún padà, ó sì di 1922 kí wọ́n tó rẹ́yìn rẹ̀. Ní Switzerland, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó ni ó ń gbé e kiri. Ní 1978 wọ́n fi oògùn àjẹsára sínú orí adìẹ, wọ́n dà á sínú igbó fún wọn láti jẹ. A kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ní 1999 ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ní 1956, a rí ìbátan kòkòrò yìí lára àdán ní Erékùṣù Èkó. Ní 1968, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn rí òmíràn lára asín, asín tí gbogbo wa mọ òórùn rẹ̀ yìí, wọ́n sì fi orúkọ àdúgbò Mọ́kọ́lá pè é. Ní 1971 ó pa ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 6 kan ní Ìbàdàn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò ká ti Mọ́kọ́lá. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa má fi asín tàbí àdán ṣeré. Kí ẹ̀yin ọdẹ wa náà má yọ̀ bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tàbí ẹtà kò bá sá fún yín; ẹran tí ó gbàgbé ìbẹ̀rù kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, àdán tí ẹ bá bá nínú yàrá, ẹ má fi ọwọ́ lásán mú un.

Síbẹ̀, bí a bá ka ènìyàn 100 tí dìgbòlugi pa ní ayé, ajá ni ó kó o ran bí 99 nínú wọn. Bí ó bá buni jẹ, tàbí tí ó lá ojú ọgbẹ́, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ata àti epo pupa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí a sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ náà tán. Àwọn kan a gba ẹyọ kan, wọn a ní owó ọkọ̀ pọ̀.

Bí a bá gún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà gbà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé èkejì. A ti gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pé kí a pe àwọn dókítà ẹran wá sí ìlú nígbà ìpàdé ọdún, kí àwọn ọmọ wa ní ìdálẹ̀ sì ràn wá lọ́wọ́ lórí owó abẹ́rẹ́. A bẹ àwọn baálé kí wọ́n ka ajá agboolé wọn, pẹ̀lú àwọn tí kò ní olówó tí ń jẹ lórí ààtàn, kí wọ́n sì fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.