Eyín Ekurá Kì Í Ṣe Ọmọ Ilẹ̀ Ìjan

Bí ẹnì kan bá mú eyín ẹja ekurá tó ti di òkúta jáde ní Ìjan-Èkìtì lónìí, tó ní inú oko ni òun ti hú u, onímọ̀ nípa ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ mi orí, kódà kó tó wo eyín náà. Òkúta tó wà lábẹ́ Ìjan, Adó àti Ìkẹ́rẹ́ níbi tí Olósùnta dúró sí, inú ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó ti jáde, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ẹrẹ̀ òkun kò sí nínú rẹ̀. Ekurá, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkurákudà, kò lè kú síbẹ̀.

Ohun tí àgbẹ̀ lè hú nínú ebè ní Èkìtì ni ẹdùn àrá. Àwọn baba wa ní Ṣàngó ló ń sọ ọ́ láti ọ̀run. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní àáké àwọn ará àtijọ́ ni. Irú òkúta tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ hú ní Ihò Eléérú, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ní 1965.

Kí ẹnikẹ́ni má fi àwọn baba wa rẹ́rìn-ín. Pliny ará Róòmù kọ ọ́ sínú ìwé pé òkúta kan tó rí bí ahọ́n máa ń já bọ́ láti ojú ọ̀run nígbà tí òṣùpá bá wọ òkùnkùn. Ní Malta, wọ́n ní ahọ́n ejò ni. Eyín ekurá ni gbogbo rẹ̀! Ní 1666, àwọn apẹja mú ekurá ńlá kan nítòsí Livorno ní Ítálì, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Nicolaus Steno, oníṣègùn ará Denmark, ní Florence. Ó la ẹnu ẹja náà, ó fi eyín rẹ̀ wé òkúta ahọ́n, ó sì kọ ọ́ ní 1667 pé wọ́n jọra. Bí òkúta tó wà lórí òkè bá jẹ́ eyín ẹja, a jẹ́ pé òkè náà ti wà lábẹ́ omi rí. Èrò yìí ló ṣí ilẹ̀kùn fún ìmọ̀ nípa ọjọ́ orí ilẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ eyín la máa ń rí? Egungun ekurá rọ̀ bíi kèrékèré etí, ó máa ń jẹrà. Eyín ní tirẹ̀ le, ẹja kan ṣoṣo sì lè pààrọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó tó kú.

Ẹni tó fẹ́ mọ orúkọ eyín yóò wo etí rẹ̀ bóyá ó ṣe ṣákaṣàka bí ayùn, yóò wo bóyá eyín kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì wo gbòǹgbò rẹ̀. Squalicorax ní etí ayùn, ó sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Sáà Cretaceous nìkan ló gbé, èyí tó parí ní nǹkan bíi 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Cretolamna, tí etí rẹ̀ dán, la sáà náà já. Ẹni tó bá rí tirẹ̀ kò lè fi ìrísí nìkan sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Àfi kó mọ inú òkúta tó ti jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní Ṣókótó, níbi tí òkun Cretaceous ti wọ àárín ilẹ̀, Errol White ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ìwé lórí àwọn ẹja tó ti di òkúta ní 1934. Òkúta ẹfun Ewékorò, tí a fi ń ṣe símẹ́ǹtì, wáyé lẹ́yìn sáà náà. Eyín tó bá ti inú rẹ̀ jáde kì í ṣe ti Cretaceous. Eyín ekurá pọ̀ nínú kòtò fọ́sífétì Hahotoé ní Tógò, ṣùgbọ́n tibẹ̀ tún kéré sí ti Ewékorò lọ́jọ́ orí.

Símẹ́ǹtì kò lè gbé eyín dé Ìjan, nítorí wọ́n ti lọ òkúta náà kúnná. Ọwọ́ ènìyàn ló lè gbé e débẹ̀: ẹni tó ti Ṣókótó dé, tàbí ẹni tó ra ẹ̀gbà ọrùn tí eyín rẹ̀ wá láti Khouribga ní Mòrókò, níbi tí wọ́n ti ń wà wọ́n tà káàkiri ayé. Kí a tó máa wá orúkọ ẹja, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi onítọ̀hún ní ọwọ́ ta ni ó ti gbà á, kí a sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.