Ìwé Ẹ̀sùn Ọlọ́pàá ní New York: Bí Òfin 50-a Ṣe Dé àti Bí Ó Ṣe Lọ

Ní ọdún 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní 50-a. Ohun tó fà á kò burú lójú àwọn tó ṣe é. Bí ọlọ́pàá bá wá jẹ́rìí ní kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ a máa hú ẹ̀sùn àtijọ́ jáde láti fi dójú tì í, yálà ẹ̀sùn náà fìdí múlẹ̀ tàbí kò fìdí múlẹ̀. Òfin náà wá sọ ìwé tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ ọlọ́pàá di ohun àṣírí, àfi tí ọlọ́pàá náà fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ síwèé tàbí tí adájọ́ bá pàṣẹ. Láàárín ogójì ọdún, ààbò tí wọ́n ṣe nítorí kóòtù di ògiri tí aráàlú kankan kò lè rékọjá. Ní tèmi, ohun tí ògiri náà bò jù lọ kì í ṣe ìwà ọlọ́pàá kan, bí kò ṣe ìwà àwọn ọ̀gá tó ka ẹ̀sùn tí wọ́n sì ká a pa.

Díẹ̀díẹ̀ ni ògiri náà ń ga. Ní Schenectady, àwọn ọlọ́pàá tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ju ẹyin lu ọkọ̀ aráàlú láti inú bọ́ọ̀sì. Ìwé ìròyìn béèrè ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ dé kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, kóòtù sì dájọ́ ní 1999 pé 50-a kò gbà á. Nítorí ẹyin! Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orílé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú New York máa ń gbé ìwé ìjìyà síta fún àwọn oníròyìn. Ní 2016 wọ́n dá a dúró, wọ́n ní òfin kò fàyè gbà á, àfi bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe òfin náà. Nígbà tó di òpin 2018, kóòtù tó ga jù náà tún sọ pé kódà bí wọ́n bá pa orúkọ rẹ́, kò pọn dandan kí ọlọ́pàá kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ikú Eric Garner ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ohun tí èyí ná ìlú. Ní oṣù Keje 2014, ní Staten Island, ọlọ́pàá Daniel Pantaleo fún un lọ́rùn, ó sì kú. Àwọn tó béèrè ìwé ẹ̀sùn Pantaleo gba èsì kan náà: 50-a. Ní 2017 ni ìwé náà jò síta. Ṣáájú ọjọ́ Garner, ẹ̀ẹ̀méje ni aráàlú ti fi í sùn, ẹ̀sùn inú rẹ̀ jẹ́ 14, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú sì ti rí i pé mẹ́rin fìdí múlẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ká bi àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò bi wọ́n ni wọn kò jẹ́ kó mọ̀. Ní Chicago, níbi tí akọ̀ròyìn Jamie Kalven ti jà títí kóòtù fi ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, ohun kan náà ló hàn: ọlọ́pàá Jason Van Dyke, tó yìnbọn mẹ́rìndínlógún fún Laquan McDonald lọ́dún yẹn, ti ní ẹ̀sùn tó tó ogún lọ́rùn.

Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ní èsì, kì í sì í ṣe èsì yẹpẹrẹ. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè parọ́ mọ́ ọlọ́pàá, àti pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tó gbóná ló máa ń kó ẹ̀sùn jọ. Òótọ́ ni. “Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú” kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n “ẹ̀sùn tí kò fìdí múlẹ̀” kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí kò tó láti mọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà mọ̀ bóyá àdúgbò ló fà á ni kí a fi ọlọ́pàá kan wé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èyí kò sì ṣeé ṣe bí ìwé gbogbo wọn kò bá sí nílẹ̀. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ lè gbèjà ọlọ́pàá rere ju àṣírí lọ.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, Gómìnà Andrew Cuomo fọwọ́ sí ìwé tó fagi lé 50-a ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2020. Òfin tuntun náà pàṣẹ pé kí wọ́n yọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù ọlọ́pàá kúrò nínú ohun tí wọn yóò tẹ̀ jáde. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá pe ẹjọ́, wọ́n ní ẹ̀mí àwọn yóò wà nínú ewu. Ní oṣù Kẹjọ, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ NYCLU tẹ ẹ̀sùn 323,911 jáde. Ní oṣù Kejì 2021, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kò sì fi ẹ̀rí hàn pé ewu pọ̀ sí i níbẹ̀. Ohun tó kù ni ẹ̀sùn tí kò fìdí múlẹ̀. Ní oṣù Kejì 2025, nínú ẹjọ́ ìlú Rochester, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dájọ́ pé ìjọba kò lè kó gbogbo irú wọn pamọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi fawọ́ èyíkéyìí sẹ́yìn.