Ìdérí Abọ́ Ọdún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ òyìnbó ni a ti kọ́ bí a ti í ṣe oúnjẹ ọdún lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn a ní kí tábìlì tó dé ilẹ̀ wa, orí ẹní lásán ni àwọn baba wa jókòó sí, wọ́n bu oúnjẹ sínú igbá, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì dìde. Ẹni tí ó bá yẹ ìtàn wò dáadáa yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọdún ti ní ọ̀ṣọ́ láàrin Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ibi tí a gbé ọ̀ṣọ́ náà sí ni ó yàtọ̀. Orí tábìlì ni òyìnbó ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí pé àlejò ní í wá bá oúnjẹ nílé rẹ̀. Ìdérí ni àwa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí pé oúnjẹ ọdún wa ní í jáde lọ bá ènìyàn nílé tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí igbá bẹ̀rẹ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ibi tí òkìkí igbá fínfín kàn sí jùlọ. A ó la èso igbá sí méjì, a ó fi omi rẹ ẹ́, a ó ha inú rẹ̀ mọ́, a ó sì sá a sí oòrùn. Ọ̀kan di igbá, ìkejì di ìdérí. Ọlọ́nà a wá mú ọ̀bẹ kékeré, a fín ilà, ẹyẹ, ejò tàbí alángbá sí i lára, títí èèpo òde yóò fi ṣí, tí funfun abẹ́ rẹ̀ yóò hàn. Oúnjẹ ni ó ni inú igbá. Ojú ni ó ni òde. Òkè ìdérí sì ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé nígbà tí a bá gbé igbá náà kalẹ̀ níwájú àgbà.

Ewé pàápàá jẹ́ ìdérí. Ní ọjọ́ ọdún egúngún, àkàrà àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kì í wọ́n nílé. Obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba, a sì tò wọ́n sínú àwo bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Ìdọ́gba yìí ni ọ̀ṣọ́, òun náà sì ni ìdájọ́: nígbà tí ọ̀kan kò bá tóbi ju èkejì lọ, kò sí ẹni tí yóò sọ pé a rẹ́ òun jẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iyì ìdérí ti pọ̀ tó, kí ó wo iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, ọlọ́nà Arínjalẹ̀, tí ó kú ní 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkéré ni a gbé lọ sí ibi àfihàn ní Wembley ní 1924. Ó wà ní British Museum ní London. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa wà ní ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Washington ní Amẹ́ríkà. Ọpọ́n onídèérí ni, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ ni ó gbé e lọ́wọ́, àwọn obìnrin sì ń jó lórí ìdérí rẹ̀. Irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ni a fi ń gbé obì fún àlejò. Obì kò ju ẹyọ mélòó kan lọ, síbẹ̀ ẹ wo iṣẹ́ tí a ṣe sí ohun tí ó bò ó! Àlejò tí a ń gbé e fún ni a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Ṣáájú ìgbà Ọlọ́wẹ̀ ni tábìlì ti dé etíkun wa. Ní Kérésìmesì ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. wà ní Àgbádárìgì. Àwọn Sàró, ọmọ wa tí a ti kó lẹ́rú tí a sì dá sílẹ̀ ní Freetown, ti ń padà bọ̀ wálé ṣáájú wọn. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, tábìlì gba iyì gidi nílé àwọn Sàró ọlọ́lá: aṣọ funfun, àwo tánńganran, ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí, àti àga fún ẹni kọ̀ọ̀kan.

Kò yẹ kí a fi tábìlì ṣẹ̀sín, nítorí ó mú ohun rere kan wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, baba a dá jẹun ní tirẹ̀, ẹran tí ó dára a wà nínú abọ́ rẹ̀, ìyá àti ọmọ a sì jẹ èyí tí ó kù. Tábìlì lè kó baba, ìyá àti ọmọ jọ sí ojú kan. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tirẹ̀: iye àga ní í sọ iye ènìyàn. Ẹni tí kò ní àga kò sí nínú ọdún.

Àwọn Àgùdà ni wọ́n fi hàn wá pé a lè ní tábìlì kí a má sọ ìdérí nù. Láti Brazil ni wọ́n ti padà dé, púpọ̀ wọn lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá, dì ní Bahia ní 1835. Wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà ní Èkó. Ní ọjọ́ Ẹtì tí a ń rántí ikú Jésù, wọn kì í jẹ ẹran. Fùréjọ̀nù ni wọ́n ń sè. Èdè Pọtogí ni orúkọ náà ti wá, ẹ̀wà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n a se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀ gidi, wọ́n a lọ̀ ọ́, wọ́n a sẹ́ ẹ, wọ́n a da omi àgbọn tí a rin tí a sì fún sí i pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n a sì tún gbé e ka iná jẹ́ẹ́jẹ́. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, wọ́n a sì wọ́n gàrí sí i. Wọn kì í dá a jẹ: abọ́ onídèérí a máa wọ ilé aládùúgbò lọ, ìbáà ṣe onígbàgbọ́, ìbáà ṣe Mùsùlùmí.

Mùsùlùmí náà a san án padà ní Iléyá. Àṣà ẹ̀sìn ni pé kí a pín ẹran àgbò sí ọ̀nà mẹ́ta: apá kan fún ará ilé, apá kan fún ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, apá kan fún aláìní. Ẹ rántí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894: Sàró tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó fi owó kọ́ ọ, Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ó sì ṣe iṣẹ́ ilé náà. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ mọ́ṣáláṣí, kí ni yóò dí abọ́ oúnjẹ lọ́nà láàrin wọn?

Bí ọjọ́ ti ń lọ, igbá fínfín fi àyè sílẹ̀ fún abọ́ irin tí a kùn ní funfun, tí a ya òdòdó sí ara ìdérí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ òkè òkun ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ni wọ́n yàn án, nítorí pé ó lè ṣe iṣẹ́ igbá. Wọ́n kó o pamọ́, ọjọ́ ọdún ni ó ń jáde. Ọmọ a gbé e lórí, a dé ilé onílé, a kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀: “Ìyá wa ní kí n gbé e wá, mà. Wọ́n ní ẹ kú ọdún.” Onílé a ṣí ìdérí, a wúre, a sì fún ọmọ ní owó díẹ̀.

Lónìí, kúlà ti gba iṣẹ́ abọ́. Ó ń mú oúnjẹ gbóná, ṣùgbọ́n kò ní ọnà kankan lórí. Tábìlì ọdún sì ti di ohun tí a ń yà ní fọ́tò: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ní ẹ̀gbẹ́ kan, sàláàdì ní ẹ̀gbẹ́ kejì, òdòdó láàrin. Ó dùn ún wò, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ohun tí ó ń dunni ni pé fọ́tò ni ó ń wọ ilé aládùúgbò dípò abọ́. A ń rí oúnjẹ ara wa lójú fóònù, ọwọ́ wa kò sì kàn án.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tẹ́ tábìlì ọdún, kí ó tẹ́ ẹ dáadáa. Kí aṣọ rẹ̀ funfun, kí òkèlè rẹ̀ rí roboto, kí ó dán. Ṣùgbọ́n kí ó fi igun kan sílẹ̀ fún abọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ní ìdérí, kí ó sì mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ kí ó tó pe àlejò rẹ̀ jókòó. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Bí àlejò bá bi onílé léèrè pé kí ni ó yẹ kí ó wà ní igun tí ó ṣófo yẹn, kí ó lè dáhùn pé, “Ó ti lọ kí aládùúgbò wa kú ọdún.”